Ta ló ń san gbèsè òkú, ta ló sì láṣẹ láti gbé ẹrù rẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ìyá kan ní Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, ọkùnrin méjì gbé kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá síwájú ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn mọ́, káàdì ìdánimọ̀ wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kí àwọn ará ilé kú ará fẹ́ra kù, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi tí wọ́n gbé fún wọn. Àfi bí wọ́n ṣe dìde, tí wọ́n di fírísà tí ìyá náà fi ń ta ẹja àti omi tútù mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹja ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ ni omi yìnyín ń ro sílẹ̀ láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin olóògbé di wáyà rẹ̀ mú pinpin, kò jẹ́ kó lọ. "Màmá mi ló jẹ yín, èmi kọ́," ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ má bínú, fírísà yìí ni màmá fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ń gbowó."

Abẹ́ kánópì ni àwa tí a wá kí wọn jókòó sí. Kí a tó pajú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Ẹnì kan ní ikú ti pa gbèsè rẹ́. Òmíràn ní ọmọ tó bá máa jogún ilé gbọ́dọ̀ jogún gbèsè. Ẹ̀kẹta ti ń pe ọlọ́pàá kan tó mọ̀. Bàbá Alfa tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n gbé fírísà kalẹ̀ ná, pé ọjọ́ kẹjọ là á ka gbèsè òkú. Ohun tí olúkúlùkù ń sọ dá a lójú gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu rárá.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì mọ́ ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ títí dé Apẹ̀tẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn ń béèrè lórí rẹ̀ ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ohun tí òfin, àṣà àti ẹ̀sìn ń sọ nípa wọn.

Kí ló dé tí àwọn agbowó-gbèsè fi ń tètè dé ilé òkú báyìí?

Ọ̀nà tí a ń gbà yáwó ló yí padà. Ẹni tó ń tajà lójú pópó kò ní ìwé ilẹ̀ tó lè gbé lọ sí báńkì ní Dùgbẹ̀. Àwọn tó ń dá a lóhùn ni àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní gbómú-lé-láńtà. Orúkọ náà ti sọ bí owó ọ̀hún ṣe ń ta èèyàn lára: bí ẹni gbé ọmú lé láńtà tó ń jó. Àwọn obìnrin á kóra jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, wọn á gbowó, wọn á máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tòun tèlé, olúkúlùkù á sì dúró fún ẹnì kejì rẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá rí tirẹ̀ mú wá lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn tó kù kò ní dìde títí wọn ó fi dá a jọ. Tí ọ̀kan bá wá kú nínú wọn, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni gbèsè rẹ̀ máa gùn wọ́n lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn, ọ̀rẹ́ olóògbé, tó bá wọn sunkún níbi ìsìnkú, ló tún ń mú àwọn agbowó-gbèsè mọ ilé.

Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó kiri náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní àwọn ibì kan, owó tí kò bá wọlé ń kan owó oṣù rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí ọjọ́ ogójì bá fi kọjá, ẹrù á ti pín: fírísà á ti dé Ṣakí, ẹ̀rọ ìránṣọ á ti dé Èkó. Eré tó ń sá nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù ìyáwó tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún ò ní ilé, ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀ ni wọ́n máa ní kó kọ sílẹ̀: fírísà, tẹlifíṣọ̀n, jẹ́nẹ́rétọ̀, ìgò gáàsì. Láti ọdún 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti fàyè gba kí èèyàn fi ohun tó ṣeé gbé kiri dógò, kí ayánilówó sì forúkọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí nǹkan náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbà Nàìjíríà, CBN. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn kàn fọwọ́ sí lábẹ́ igi níbi ìpàdé, àti ohun tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa lábẹ́ òfin yẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ṣé ọmọ ń jogún gbèsè bàbá tàbí ìyá rẹ̀?

Rárá. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò bá olóògbé wọ sàréè. Orí ohun tó fi sílẹ̀ ló jókòó sí.

Ká sọ pé gbogbo ohun tí olóògbé ní jẹ́ ₦500,000, tó sì jẹ ₦800,000. A ó kọ́kọ́ yọ owó ìsìnkú àti owó tí a ná láti bójú tó dúkìá rẹ̀. Ohun tó bá kù ni àwọn tí olóògbé jẹ lówó máa pín. Èyí tí kò bá kárí, ayánilówó ló pàdánù rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ọmọ, ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò lọ fi lára owó ara rẹ̀ dí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé dúkìá náà ju gbèsè lọ, a ò gbọdọ̀ pín ogún kí gbèsè tó kúrò nílẹ̀. Ìdí-igi là ń pín o, ìyẹn ní ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, orí-òjorí là ń pín o, ìyẹn ní iye ọmọ, ẹ̀yìn gbèsè ni.

Owó ìsìnkú tí òfin ń sọ níbí kì í ṣe owó ìnáwó òkú. Pósí tàbí aṣọ funfun tí a fi ń di òkú, gbígbẹ́ sàréè, ọkọ̀ tó gbé òkú, ìwọ̀nyí ni. Màlúù méjì, kánópì mẹ́wàá àti olórin fújì kò sí nínú rẹ̀, bí ẹbí bá sì ta ẹrù olóògbé láti fi ṣe wọ́n nígbà tí gbèsè wà nílẹ̀, ayánilówó lè mú wọn lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ìyẹn.

Àwọn tí gbèsè lè bá lórí ara wọn ni onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé pé òun á san bí onígbèsè ò bá san, ẹni tó jọ yá owó náà pẹ̀lú olóògbé, àti ẹni tó ti pín ẹrù òkú jẹ kí gbèsè tó kúrò. Ti ẹni ìkẹyìn yìí kì í kọjá ìwọ̀n ohun tó mú. Ọ̀rọ̀ onídùúró ló ń dun èèyàn jù, nítorí ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lásán lójú ara wọn, "kí wọ́n lè rí owó gbà". Lójú òfin, ìfọwọ́sí yẹn kò bá onígbèsè kú.

Ta ni agbowó-gbèsè yẹ kó bá sọ̀rọ̀?

Ẹni tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú dúkìá olóògbé. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni. Bí kò bá ṣe é, tó sì fi owó báńkì, ilé tàbí ìpín okoòwò sílẹ̀, àwọn ẹbí yóò lọ gba ìwé àṣẹ ìmójútó ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Ring Road. Wọ́n máa mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, èyí tí àjọ ètò ìkànìyàn ń fúnni, wọ́n á to ohun tí olóògbé ní, wọ́n á sì to ohun tó jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í débẹ̀ torí ìnáwó rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé fírísà kan àti àpótí aṣọ ni gbogbo ogún. Àgbà ilé, mọ́gàjí tàbí àrẹ̀mọ, ló sábà máa ń jókòó dípò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ nẹ́sìtì-ọ́fù-kíìnì. Ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù báńkì tàbí ti ìyáwó jẹ́ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò tán, kò kù. Kò sọ ọ́ di ajogún, kò sì sọ ọ́ di onígbèsè. Agbowó-gbèsè tó bá ń lé e kiri pé "ìwọ ni màmá kọ orúkọ ẹ sílẹ̀" ń dàrú orúkọ tí wọ́n kọ fún ìpè mọ́ ìfọwọ́sí onídùúró.

Nǹkan kan tún wà tí kò yẹ ká gbójú fò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọwọ́ bọ ẹrù òkú láìgbàṣẹ, tó ń tà á tàbí tó ń pín in, kọ́ọ̀tù lè kà á sí ẹni tó fi ara rẹ̀ jẹ alámòójútó, kí wọ́n sì bi í ní ìṣirò ohun tó fọwọ́ kàn. Àwọn ẹbí ni èèyàn sábà máa ń fi èyí kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n kò yọ agbowó-gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó, tó wá fúnra rẹ̀ gbé fírísà lọ, òun náà ti tọwọ́ bọ dúkìá òkú, bóyá àwọn mìíràn tí olóògbé jẹ sì wà tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n lè wọlé kó ẹrù, bí gbèsè bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́?

Gbèsè lè jẹ́ òótọ́ kí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbà á má bófin mu. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé èèyàn kó ẹrù nítorí gbèsè ni bèlífù kọ́ọ̀tù, tòun ti ìwé àṣẹ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí tí adájọ́ ti dá onígbèsè lẹ́bi. Òun pàápàá kì í kó gbogbo nǹkan. Òfin tó ń darí iṣẹ́ bèlífù yọ aṣọ wíwọ̀ àti ohun ìsùn onígbèsè àti ti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀, àti irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Káàdì ìdánimọ̀ ilé ìyáwó kò sọ ẹnikẹ́ni di bèlífù.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó ṣẹ̀ lórí àdéhùn tàbí lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn. Gbèsè wà nínú ìyẹn. Òfin kan náà ló ní a kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí a ń wá, kí a má tilẹ̀ wá sọ ti ọmọ dípò ìyá tó ti kú. Ohun tí èèyàn lè pe ọlọ́pàá sí ni ìjà, ìhalẹ̀ tàbí fífi ipá wọlé, ẹni yòówù kó ṣe é.

Èyí tí a fi dógò lábẹ́ òfin 2017, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ló yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀tọ́ ayánilówó lórí nǹkan bẹ́ẹ̀ kò kú pẹ̀lú onígbèsè, ó sì lè ṣíwájú ti àwọn mìíràn tí olóògbé jẹ. Ohun tí ẹbí lè béèrè ni ìwé àdéhùn, ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, àti ìṣirò ohun tí olóògbé ti san. Ẹni tó bá ní wọn kò ní í ṣòro fún un láti mú wọn jáde.

Bí ayánilówó bá fẹ́ gba ọ̀nà tó tọ́, owó kékeré lè lọ sí Kọ́ọ̀tù Ìbílẹ̀ bí irú èyí tó wà ní Mápó, tàbí kọ́ọ̀tù Májísíréètì ní Ìyágankú. Yóò pẹ́, yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ₦80,000 péré ló ṣẹ́kù nínú gbèsè náà. Ìdí tí àwọn kan fi ń gbé kẹ̀kẹ́ wá dípò kí wọ́n gbé ìwé wá nìyẹn.

Ẹrù ta ni wọ́n tilẹ̀ ń kó?

Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọn kì í sábà béèrè. Ohun tó wà nínú yàrá olóògbé kọ́ ni gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀gá tó kú, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rà á fún nígbà tó ń wọṣẹ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tó yá a lò. Áńkárá àti léèsì tó kọ́ sára ògiri, ti oníbàárà ni gbogbo rẹ̀. Bí agbowó-gbèsè bá palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, ẹrù èèyàn mẹ́wàá tí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ ló kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ fírísà tí wọ́n kun ní àwọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò: ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń ní in, ńṣe ni wọ́n gbé e fún ọlọ́jà kó máa fi tajà wọn. Olóògbé kò ní in, kò sì lè fi í dógò.

Ti tọkọtaya tún wà. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ohun ọkọ lọ́tọ̀, ohun aya lọ́tọ̀. Ìyàwó tó ra tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú owó àjọ rẹ̀ kò ra ti ọkọ rẹ̀, bí ọkọ bá sì kú sínú gbèsè, tẹlifíṣọ̀n yẹn kò sí lára ohun tí ayánilówó lè fojú sí. Ọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀rí nígbà náà: rìsíìtì, ìwé àjọ, ẹni tó bá a gbé e láti Gbági, ọmọ ilé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ bèlífù ló gbé e, ẹni tó ni ín lè lọ sọ fún kọ́ọ̀tù pé tòun ni, kọ́ọ̀tù yóò sì gbọ́ ìyẹn kí wọ́n tó tà á.

Nípa ọkọ̀, Ìbàdàn ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Máíkírà tó ń ná Mọ́lété sí Dùgbẹ̀ ni awakọ̀ wọn gbà ní háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì: ó ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá san án tán, ọkọ̀ di tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá kú lágbedeméjì, ta ló ni ọkọ̀? Títí owó yóò fi pé, ẹni tó gbé e fún un ló ni ín, ṣùgbọ́n Òfin Háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì ti 1965 kò jẹ́ kó kàn wá wọ́ ọ lọ bó ṣe wù ú. Bí awakọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀ náà, àfi kí ẹni tó ni ín gba kọ́ọ̀tù lọ. Lórí ọkọ̀ ₦2,000,000, iye yẹn jẹ́ ₦1,200,000. Tí owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tó san tí a kò san, ó lè gbé ọkọ̀ náà pamọ́ sí ibi tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Pípa á mọ́ ni òfin sọ, kò sọ títà. Ẹ̀tọ́ tí olóògbé ní lábẹ́ àdéhùn náà kò ṣòfò, ó wà lára ogún rẹ̀. Mo ti rí opó awakọ̀ tí kò mọ èyí, tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ tó sì tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é?

Àwọn kan ń sọ pé láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń dójú ti ẹbí nítorí gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ológò wà nígbà náà. Bí onígbèsè bá ya olórí kunkun, ẹni tó yá a lówó á lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, wọ́n á yan ológò fún un. Ológò á wá sínú agbo ilé, á jókòó, á ní òun dógò tì wọ́n. Adìẹ tó bá kọjá, á pa á jẹ. Ewúrẹ́ tó bá rí, á dè é mọ́lẹ̀, kò béèrè bóyá onígbèsè ló ni ín. Á máa pariwo, á máa bú wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí àṣẹ ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jẹ níbẹ̀, orí gbèsè ni wọ́n á tún kà á sí. Gbogbo agbo ilé ló ń rí ìyà rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí wọ́n dá owó jọ.

Nígbà tó yá, àwọn Òṣómàáló dé, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú. Orúkọ wọn ni ọ̀nà ìgbowó wọn: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ní ayé òyìnbó amúnisìn, àwọn ayánilówó tí wọ́n ń pè ní ṣógúndogójì gbòde, àwọn tó ń sọ ogún di ogójì.

Ohun tó wà nínú gbogbo èyí, tí àwọn tó ń jiyàn lónìí sì ń gbàgbé, ni pé ológò kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Ìlú ló ń rán an, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́. Ipò rẹ̀ ni bèlífù wà lónìí. Ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá láìgba kọ́ọ̀tù kankan lọ kò ní àṣà tó lè fẹ̀yìn tì.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Níbi ìsìnkú Mùsùlùmí ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìkéde náà rí: ẹni tí olóògbé bá jẹ lówó kó wá bá àwọn ọmọ, ẹni tó bá sì jẹ olóògbé kó mú un wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Súúrátù Nísáì, ẹsẹ 11 àti 12, sọ pé ẹ̀yìn àsọọ́lẹ̀ olóògbé (ohun tó ní kí wọ́n fúnni lẹ́yìn ikú òun) àti gbèsè ni ogún pípín. Hádíìsì tún sọ pé Ànábì kọ̀ láti kírun sí òkú kan lára torí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, títí Abu Qatadah fi ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn ara òun. Àwọn alfa sábà máa ń ṣàlàyé pé ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni dandan kàn. Bí kò bá tó, tí ọmọ fi owó ara rẹ̀ san ìyókù, inú rere ni, ó sì ń fi ọkàn bàbá tàbí ìyá rẹ̀ balẹ̀.

Àwọn Kristẹni máa ń rántí opó inú Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí 4, tí ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ lówó wá láti kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣe ẹrú. Èlíṣà kò sọ pé gbèsè ti kú. Ó ní kó ta òróró, kó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù.

Ibi tí ẹ̀sìn àti òfin ti bára mu ju bí èèyàn ṣe rò nìyí: gbèsè ṣáájú ogún. Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ ni orúkọ. Ọmọ Yorùbá kò fẹ́ kí wọ́n máa fi gbèsè pe bàbá òun lójú ọjà, nítorí náà ó ń san ohun tí òfin kò bi í. Àwọn agbowó-gbèsè mọ èyí dáadáa. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá nígbà tí àlejò pọ̀ nílé.

Ilé bàbá ńkọ́?

Bí olóògbé bá fi ìwé ilé yáwó ní báńkì ní ọ̀nà tó bófin mu, báńkì ṣì lẹ́tọ̀ọ́ lórí ilé náà. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá fi í dógò láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Gbèsè ọmọ kan kò lè ta ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìpín, nítorí ilé ẹbí ni.

Kí ni àwọn ayánilówó ń sọ?

Wọ́n ní àwọn náà ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò, wọ́n sì ní in lóòótọ́. Owó tí wọ́n yáni, owó àwọn tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn ni. Wọ́n ní àwọn ẹbí kan ń kó ẹrù sá kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan sì ń kú lẹ́nu lásán, tí a ó tún rí wọn ní ọjà Òjé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, ìbéèrè tó tọ́ sì ni.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ohun tó ti fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́ àti ìpín rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè lára rẹ̀, kí wọ́n tó kọjú sí àwọn onídùúró. Ẹrù ilé kì í sábà wọ ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ owó oṣù rẹ̀ fún gbèsè ọ̀rẹ́ tó kú, ẹ ó rí i pé ìnira náà kò lọ, ó kàn ṣí ipò ni.

Ohun tí àwọn ayánilówó kan kì í tètè sọ ni ìnṣọ́ráńsì. Ní àwọn ilé ìyáwó kan, wọ́n ń yọ owó díẹ̀ lára owó tí èèyàn gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìnṣọ́ráńsì lè san ìyókù bí onítọ̀hún bá kú. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú páàsìbúùkù tàbí nínú ìwé àdéhùn, ní lẹ́tà wíníwíní. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú ni ẹbí yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì wọn, kì í ṣe fírísà.

Àwọn tó ń fi fóònù dójú ti òkú ńkọ́?

Àwọn ayánilówó orí fóònù kì í wá sílé. Wọ́n ń fi àwòrán olóògbé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni. Ìjọba ti ń bá wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ kan lórí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Ìkẹjà. Láti òpin oṣù karùn-ún 2023, Google kò gba áàpù ìyáwó láàyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù oníbàárà. Ìlànà tuntun tí FCCPC gbé jáde ní 2025 fi ìtanràn tó lè dé mílíọ̀nù 100 náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún, lé ẹni tó bá rú u.

Bí olóògbé ò bá tilẹ̀ lè fẹjọ́ sùn mọ́, àwọn tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà dà láàmú wà láàyè, nọ́ńbà tiwọn ni wọ́n lò láìgbàṣẹ. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 dá wọn mọ̀. Kí wọ́n pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́, kí wọ́n má pa wọ́n rẹ́ torí ìbínú; òun ni ẹ̀rí tí FCCPC máa béèrè. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé lọ́ọ̀yà lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA náà wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ opó sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́.

Ní Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Bàbá Alfa ni wọ́n tẹ̀lé. Wọ́n gbé fírísà padà sáyè rẹ̀, ọmọbìnrin náà tún ki wáyà bọ iná. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fìdáù, wọ́n ka gbèsè. Àwọn ọkùnrin méjì náà wá, wọ́n mú ìwé wọn dání lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ olóògbé mú páàsìbúùkù màmá rẹ̀ jáde látinú àpò náílọ́ọ̀nù kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí màmá fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ẹja. Ìpín mẹ́rìnlá ni wọ́n ti san nínú mẹ́rìnlélógún. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, lábẹ́ iye owó tí wọ́n gbà, ìlà kan wà tí wọ́n kọ ìnṣọ́ráńsì sí, wọ́n sì ti yọ owó rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kà á, ó gbé e fún ẹnì kejì rẹ̀, òun náà kà á. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí wọ́n sì lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú, àwọn máa gbé e fún ọ̀gá àwọn. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi tútù.